Ọtí rírà: Glasgow àbí London?

London rọrùn fún ọlọ́tí ju Glasgow lọ jàre. Ní Scotland, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́ nìkan ni ṣọ́ọ̀bù lè ta ọtí, tó o bá dé kántà ní 10:01, bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò ní tà á fún ẹ. Owó ńkọ́? Látọdún 2024, 65p ló kéré jù fún yúnítì kan (ìyẹn mílílítà mẹ́wàá ògidì ọtí), ìgò whisky 70cl tó jẹ́ 40% ò lè wálẹ̀ ju £18.20 lọ, háà! England ò ní ìyẹn, ṣọ́ọ̀bù tó bá gba láísẹ́ńsì ẹ̀ lè tà á mọ́jú. Àmọ́ nínú tube (ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀) àti bọ́ọ̀sì London, láti 2008, kò sí ọtí mímu, agolo tó o ti ṣí gan-an ò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ, èyí tó ṣì wà ní dídé ò ní wàhálà.