Ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe kọ̀ǹpútà kan ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀, àti Wi-Fi tó pòórá lẹ́yìn kernel tuntun

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá kọ àpilẹ̀kọ wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, ohun tó sì ń gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ni pé àmì ohùn kì í sọnù lórí iṣẹ́ tí mo bá tẹ̀. Linux ni mo ń lò dípò Windows, irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ubuntu 22.04, nítorí pé kíbọọ̀dù Yorùbá ti wà nínú rẹ̀ láti ilé wá: ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń yan kíbọọ̀dù, tó yan Nàìjíríà, yóò bá Yorùbá níbẹ̀ pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò. Mo tètè sọ èyí kí ẹni tó bá fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ ra Windows lè mọ̀ pé kì í ṣe orí kunkun ló gbé mi dúró síbi tí mo wà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, láptọ́ọ̀pù mi ní ìmúdójúìwọ̀n ti dé, mo sì ní kó máa gbà á. Kernel ni ọkàn Linux, òun ló ń darí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Kernel 6.5 ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, 6.8 ló ń bọ̀ wá gba ipò rẹ̀. Bátìrì ẹ̀rọ náà ti kú láti ọdún tó kọjá, ẹnu ṣájà ló ti ń jẹun, nítorí náà nígbà tí wọ́n mú iná lọ láàárín ìmúdójúìwọ̀n, ẹ̀rọ kú fin-ín kí n tó dé ìdí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo tún un tàn, ó jí, fáìlì mi pé, ṣùgbọ́n àmì Wi-Fi tó máa ń wà ní igun òkè lápá ọ̀tún kò sí mọ́. Kì í ṣe pé kò rí nẹ́tíwọ̀kì o. Ibi tí wọ́n ti ń tan Wi-Fi gan-an ni kò sí, bí ẹni pé wọn kò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà rí. Orí ímeèlì ni iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gbà wọlé.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kọ́ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, n kò sì ní sọ ibi tí ó wà. Ọ̀gbẹ́ni tí mo bá níbẹ̀ da ojú ẹ̀rọ dé, ó tú ìdí rẹ̀, ó fẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó ní káàdì Wi-Fi ti jóná, pé iná tó lọ lójijì ló jó o, kí n mú ₦18,000 wá kí òun fi òmíràn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ létí ẹni tí iná ti ba fíríìjì rẹ̀ jẹ́ rí. Ó kù díẹ̀ kí n san án. Ohun kan ṣoṣo tó gbà mí ni pé owó náà kò sí lọ́wọ́ mi.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Mayfair, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà àgọ̀yìn nísàlẹ̀. Kò ní pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló júwe rẹ̀ fún mi. Yàrá kan péré ni, àga oníbàárà méjì ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀kan sì ti yẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ni ín kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún lójú mi, ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá kó tó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe kẹ́yìn kó tó dà báyìí?” Mo ní ìmúdójúìwọ̀n ni. “Ṣé ó parí kí iná tó lọ?” Mo ní kò parí. Ó ní, “Ẹ jókòó, ẹ má jókòó sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn o.”

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ni mo tìtorí rẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó tan ẹ̀rọ, ó ń tẹ Esc bó ṣe ń jí, títí ojú ìwé dúdú tí wọ́n ń pè ní GRUB, níbi tí wọ́n ti ń yan ohun tí ẹ̀rọ yóò fi jí, fi yọ. Ó sọ̀kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n kọ Advanced options for Ubuntu sí, ó wọlé síbẹ̀. Kernel méjì ló wà níbẹ̀, 6.8 lókè, 6.5 nísàlẹ̀, nítorí pé Ubuntu kì í lé kernel àtijọ́ jáde lọ́jọ́ tí tuntun bá wọlé. Ó yan 6.5. Kò pẹ́ tí ojú ẹ̀rọ mọ́ ni Wi-Fi dé, tó ń to orúkọ nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yíjú sí èyí tó kéré nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ṣé káàdì tó ti jóná lè ṣe báyìí?” Ọmọ náà ní, “Rárá, ọ̀gá.” N kò tíì sọ fún un pé ẹnì kan ti sọ fún mi pé káàdì jóná. Ó jọ pé èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa ti ibẹ̀ yẹn wá.

Ìdánwò yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí káàdì bá ṣiṣẹ́ lórí kernel àná, tí kò ṣiṣẹ́ lórí ti òní, kò sí ìdí tí a ó fi tú ìdí ẹ̀rọ. N kò mọ ìdí tí àwọn yòókù kì í fi í kọ́kọ́ ṣe é, àfi bó bá jẹ́ pé káàdì ni wọ́n fẹ́ tà.

Ó padà sórí 6.8, ó tẹ lspci -k, àṣẹ tó ń to àwọn káàdì inú ẹ̀rọ sílẹ̀. Orúkọ káàdì náà jáde, ìyẹn ni pé kernel rí i, ṣùgbọ́n ìlà Kernel driver in use tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sí. Ó tẹ dkms status, ó fi ìka hàn mí pé dráífà, ìyẹn ètò tí kernel fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, wà fún 6.5, pé kò sí fún 6.8. Ó wá ṣàlàyé. Kernel Linux, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Fínlándì ní ọdún 1991, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ dráífà nínú ara rẹ̀, àwọn wọ̀nyí kì í sì í dá wa láàmú, nítorí pé ẹni tó bá yí nǹkan padà nínú kernel ni yóò tún àwọn náà ṣe pa pọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn káàdì kan wà, tèmi sì jẹ́ ọ̀kan, tí dráífà wọn ń gbé ní ìta kernel. Àwọn tó ń ṣe kernel kò ṣèlérí fún dráífà ìta pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò ní yí padà, nítorí náà ìgbàkígbà tí kernel tuntun bá dé, a ní láti tún dráífà náà kọ́ fún un. DKMS, ètò tí àwọn ará Dell kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ló ń bá wa ṣe é láìjẹ́ kí a mọ̀. Kò sì lè ṣe é láìsí àkójọ fáìlì tí wọ́n ń pè ní linux-headers, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti kernel mu gẹ́lẹ́. Nígbà tí iná lọ, kernel 6.8 ti wọlé, headers rẹ̀ kò tíì jókòó. Ó rí bí aránṣọ tí wọ́n gbé aṣọ fún láìfún un ní ìwọ̀n. Kò rán nǹkan kan.

Àtúnṣe fúnra rẹ̀ kò gùn. Ó fi wáyà so fóònù mi mọ́ ẹ̀rọ, ó tan USB tethering, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ lo dátà fóònù, lórí fóònù náà, Linux sì gbà á lójú ẹsẹ̀ bí ẹni pé wáyà nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo bi í pé ṣé kò yẹ kí a padà sórí 6.5 kí a fi Wi-Fi ibẹ̀ gba ohun tí a fẹ́, kí dátà mi lè sinmi. Ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn kí òun wà lórí kernel tí ara rẹ̀ kò yá, nítorí pé uname -r yóò fún òun ní nọ́ńbà rẹ̀ láìsí àṣìṣe. Mo gba èyí. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ aṣínà mi, ó ti kíbọọ̀dù sí iwájú mi, ó sì kọjú sí fèrèsé títí mo fi tẹ̀ ẹ́ tán. Ó kọ́kọ́ lo dpkg --configure -a láti parí ohun tí iná dá dúró, ó gba linux-headers ti 6.8, ó sì ní kí dkms autoinstall ṣiṣẹ́. A tún ẹ̀rọ tàn. Wi-Fi ti padà.

Ọmọbìnrin tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi kò rí i rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Secure Boot, ètò ààbò tí kì í gba ohun tí kò mọ ẹni tó fọwọ́ sí i, wà ní títàn lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, dráífà rẹ̀ ti kọ́ tán, ṣùgbọ́n kernel kò gbà á wọlé nítorí kò mọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Nílé, ojú ìwé aláwọ̀ búlúù kan ti yọ sí i pé kó wá forúkọ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi fọwọ́ sí dráífà náà sílẹ̀, òun kàn tẹ èyí tó ní kó máa bá a lọ. Wọ́n ní láti tún béèrè fún ojú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

₦5,000 ni mo san. Lórí bátìrì, ó sọ òtítọ́ fún mi pé èyí tí òun ní kì í ṣe ojúlówó ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ mi, pé tí mo bá rí ojúlówó ní ibòmíràn kí n rà á, ṣùgbọ́n kí n má tún gba kernel kankan láìsí bátìrì. Mo ra tirẹ̀. Ó ń gbé ẹ̀rọ dúró fún nǹkan bíi wákàtí méjì, ó tó mi.

Ẹ̀dùn ọkàn mi wà níbí. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ṣàkíyèsí pé ìmúdójúìwọ̀n ń wọlé ṣùgbọ́n kernel kò kúrò lójú kan. Mo tẹ apt-mark showhold, àṣẹ tó ń to ohun tí wọ́n dè kí ó má baà gba ìmúdójúìwọ̀n, mo sì bá orúkọ kernel níbẹ̀: ọ̀dọ́kùnrin náà ti dè é mọ́lẹ̀ láìsọ fún mi. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ kí wàhálà yẹn tún bá yín ni.” Èrò rẹ̀ dára, ìwà náà kò dára. Inú kernel ni ọ̀pọ̀ àtúnṣe àlàfo ààbò tó lágbára máa ń gbà wọlé, ẹni tó bá sì dè é láìsọ fún oní-ǹkan ti ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún olè kí ó má baà ṣe wàhálà láti máa ti ilẹ̀kùn. Bó bá sọ fún mi, èmi fúnra mi lè ní kó dè é fún ọ̀sẹ̀ méjì kí iṣẹ́ ọwọ́ mi parí. Mo ti fi apt-mark unhold tú u, kernel mìíràn sì ti dé lẹ́yìn ìgbà náà láìsí wàhálà. Tí wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ yín níbẹ̀ tán, ẹ bi í kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ pé kí ló dè.

Wọn kì í fúnni ní rìsíìtì, èéfín jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ sì máa ń gba ojú fèrèsé wọlé ní ọ̀sán. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa gbé ẹ̀rọ mi padà sí. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ má lọ láàárín aago kan sí mẹ́ta, wọ́n ti lọ kírun. Ẹ mú ṣájà àti wáyà fóònù yín dání, nítorí wọ́n ní tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wá a títí.