Ilé ìrànwọ́ aláboyún tí kò ní dókítà: ìràwọ̀ 1 nínú 5

Torí aṣọ ọmọ tuntun tí wọ́n ń fún àwọn ìyá lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo ṣe fún wọn ní ìràwọ̀ kan. Ìyẹn dára. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ lọ síbẹ̀, níbí ní Texas. Ẹni tó gbà wá wọ aṣọ bíi ti nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò sí dókítà kankan nílé. Nígbà tí àbúrò mi béèrè nípa oyún ṣíṣẹ́, Bíbélì ni wọ́n ṣí fún un. Ó ń sunkún, wọ́n ń kàwé lọ.

Onígbàgbọ́ ni mí, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ohun tó ká mi lára ni pé Texas ń fi owó orí wa ṣètìlẹ́yìn fún irú ilé báyìí. Ìpínlẹ̀ yìí kan náà ló de dókítà gidi lọ́wọ́, lẹ́yìn tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ Roe, èyí tó fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́yún, ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Àtúnṣe àkọ́kọ́ sí òfin-ìpilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìjọba kò gbọdọ̀ fi òfin gbé ẹ̀sìn kalẹ̀. Síbẹ̀, ní 2025, Texas ṣòfin pé kí Òfin Mẹ́wàá wà lára ògiri kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ọmọ Mùsùlùmí tó jókòó ti ọmọ mi ńkọ́?

New Mexico, ìpínlẹ̀ tí òfin ti gba oyún ṣíṣẹ́ láàyè, la wá lọ nígbẹ̀yìn. Dókítà ibẹ̀ fara balẹ̀ ṣàlàyé, kò bi í ní ìjọ tó ń lọ. Mo ti kọ̀wé sí aṣòfin agbègbè wa. Ẹ̀yin ará Texas, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tiyín.