Àgbéyẹ̀wò yàrá ìwé àtijọ́ ìjọ Áńgílíkà kan ní Adó-Èkìtì

Bí ẹ bá ń wá orúkọ ìyá-ìyá yín, tàbí ọdún tí ìjọ abúlé yín bẹ̀rẹ̀, tàbí ẹ̀rí tí ẹ ó gbé síwájú ẹbí lórí ẹni tó jẹ́ àkọ́bí, irú yàrá yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí kí ẹ tó náwó ọkọ̀ lọ sí ibùdó ìwé àtijọ́ ìjọba ní Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ bá ọ̀pọ̀ ìjọ àtijọ́ ní Èkìtì mu. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin méjì àti pẹpẹ onípákó kan tí wọ́n ń to ìwé sí ló wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú wọn níye lórí gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé atọ́ka, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wọn ti kù díẹ̀ káàtó jù.

Lẹ́tà ni wọ́n fi ń wọlé. Ẹ kọ ọ́ sí alùfáà nípasẹ̀ akọ̀wé ìjọ, kí ẹ sọ orúkọ tí ẹ ń wá, nǹkan bí ọdún tó jẹ́, àti irú ìwé tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò. Lẹ́tà tó kàn sọ pé “mo ń ṣe ìwádìí” á pẹ́ lórí tábìlì. Ẹ má lọ ní ọ̀sẹ̀ ìkórè tàbí ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, torí akọ̀wé gbọ́dọ̀ jókòó tì yín títí ẹ ó fi ṣe tán. Wọn kì í gba owó ìwé kíkà. Ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ lé, nìkan ni wọ́n ń gbowó fún.

Ìwé ìrìbọmi ni ògúnná gbòǹgbò. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ọjọ́ ìrìbọmi, orúkọ tí wọ́n fún ẹni náà, orúkọ òbí, ibùgbé, iṣẹ́ òbí, àti ẹni tó ṣe ìrìbọmi. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀; òun ni akọ̀wé á fi wá ìlà náà kíá bí ẹ bá padà béèrè ẹ̀dà. Ọjọ́ ìrìbọmi kì í ṣe ọjọ́ ìbí o. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, ó sì ti wọ afidéfítì ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ọjọ́ ìbí bá wà rárá, etí ìwé ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, nígbà mìíràn pẹ̀lú pẹ́ńsù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ọjọ́ orí àgbàlagbà tó ṣe ìrìbọmi, àfojúbù ni. Bí ẹ bá rí 30, 40, 45 léraléra, ẹ mọ̀ pé akọ̀wé kàn wo ojú ẹni náà ni.

Bí orúkọ kan ò bá sí nínú ìwé ìrìbọmi, ẹ má yára sọ pé onítọ̀hún kì í ṣe onígbàgbọ́. Ọkùnrin tó níyàwó púpọ̀ ò lè ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ Áńgílíkà nígbà náà. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní 1888 fi ọwọ́ sí èyí, ó sì gbà pé a lè ṣe é fún àwọn ìyàwó nígbà mìíràn. Nítorí náà, ìyàwó lè wà nínú ìwé ìrìbọmi kí ọkọ má sí níbẹ̀, kó sì jẹ́ pé ọkọ yìí kan náà ló fi igi àti páànù sílẹ̀ fún kíkọ́ ilé ìjọsìn. Inú ìwé owó ìdáwó àti ìwé kíláàsì, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ owó tí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan ń san sí, ni ẹ ó ti rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá wá láti inú ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì, irú èyí tó gbilẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láti 1930 nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá dé ibẹ̀, kò gbọdọ̀ máa wá ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ nínú ìwé tiwọn. Ẹni tó ti gbàgbọ́ ni wọ́n ń rì bọmi. Ìwé ìsọmọlórúkọ ni kó béèrè.

Ìwé kíláàsì ṣòro kà, ṣùgbọ́n ó dùn. Owó pọ́n-ún, ṣílè àti kọ́bọ̀ ló wà níbẹ̀: kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ún kan, títí náírà fi dé ní 1 January 1973, tí pọ́n-ún kan di náírà méjì. Ẹni tó ń san tọ́rọ́ tẹ́lẹ̀, tó wá ń san sísì, tí orúkọ rẹ̀ sì wá dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kó ti kú tàbí kó ti kó lọ sóko. Ìwé ìsìnkú ló máa là á.

Ìwé ìsìn ọjọ́ ìsinmi kì í sábà ní ọjọ́ oṣù. “Ọjọ́ Ìsinmi kẹta lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan” ni wọ́n á kọ. Ẹ wá ọjọ́ Àjíǹde ọdún náà, kí ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ síwájú, ibẹ̀ ni Ọjọ́ Ìsinmi Mẹ́talọ́kan. Ní 1925, Àjíǹde bọ́ sí 12 April, Mẹ́talọ́kan bọ́ sí 7 June, nítorí náà ọjọ́ ìsinmi kẹta lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ 28 June.

Àpótí kan wà lórí pẹpẹ tó kó ìwé ara ẹni àwọn òjíṣẹ́ tó ti kọjá: ìwé ìrántí ojoojúmọ́, lẹ́tà, àwọn ìwàásù tí wọ́n fi okùn dì. Fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ìgbàgbọ́ ṣe rí nínú ilé àti lọ́jà, kò sí ohun tó tó wọn. Níbẹ̀ náà sì ni ewu wà, torí ohun tí ọmọ ìjọ fọ̀rọ̀ lọ alùfáà rẹ̀ lábẹ́ àṣírí lè wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà láyé. Àwọn ẹbí tó gbé àpótí náà wá ò kọ àdéhùn kankan. Ẹbí tó bá fẹ́ fi irú rẹ̀ sílẹ̀, kó kọ ọ́ sórí ìwé: ta ló lè kà á, láti ọdún wo, ṣé wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀.

Ipò ìwé ò burú, àmọ́ sẹ́lótéèpù ti bà á jẹ́. Ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti pọ́n bí epo, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti wọ inú ìwé, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ti ń parẹ́. Kàáńfò tí wọ́n jù sínú kọ́bọ́ọ̀dù ò lè dá ikán dúró, torí ara ògiri àti ilẹ̀ ni ikán ń gbà wọlé. Ẹ ti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, kí ẹ gbé e sókè ní ìwọ̀n 15 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì máa wo abẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù, ó kéré tán. Lásìkò òjò, ìwé máa ń bu. Ẹ má sá èyí tó bu sóòrùn, yóò ká, yóò sì gan. Ẹ ṣí i síbi tó ní òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí ẹ fi ìwé funfun tó ń fa omi sáàárín ojú ìwé rẹ̀.

Ọwọ́ gbígbẹ tó mọ́ tó. Ẹ má ti itọ́ bọ ìka láti ṣí i. Pẹ́ńsù nìkan ni kí ẹ mú wọlé. Fún fọ́tò, fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ 12 megapixel tó, bó bá jẹ́ ojú ìwé kan ṣoṣo ni ẹ yà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ya ojú ìwé méjì pọ̀, nọ́ńbà kéékèèké ò ní hàn dáadáa. Ẹ jókòó kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wá láti ẹ̀gbẹ́, ẹ pa fláàṣì, kí ẹ sì kọ́kọ́ ya èèpo ìwé náà kí ẹ lè mọ inú èwo ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Ohun tí yàrá yìí ò ní ni ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Fún ìyẹn, Ibùdó Ìwé Àtijọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìbàdàn ní àwọn ìwé CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà) ilẹ̀ Yorùbá, títí kan ìwé Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, tó ń bójú tó Èkìtì láti Òǹdó. Abẹ́ Òǹdó ni kí ẹ wá Èkìtì, torí 1966 ni Èkìtì tó di dáyósíìsì (agbègbè abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù) tirẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù wà ní Cadbury Research Library ní Yunifásítì Birmingham: nọ́ńbà tí wọ́n fi ń béèrè wọn ni C A2 títí dé 1880, àti G3 A2 láti ìgbà náà dé 1934. Inú èkejì ni Èkìtì pọ̀ sí. Ẹ wá Ẹ̀fọ̀n bí “Effon”, Iléṣà bí “Ilesha”. Ìwé Mẹ́tọ́díìsì, fún àwọn ará Ìfàkì, wà ní ilé-ìkàwé SOAS, ẹ̀ka Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ rántí pé ohun tí òjíṣẹ́ fẹ́ kí àwọn ọ̀gá òkè òkun gbọ́ ló wà níbẹ̀. Ìjà lórí ta ni yóò jẹ́ wọ́ọ́dìn, inú ìwé ìpàdé ìjọ ní Adó ló wà.

Ìwé atọ́ka tí mo ní wọn ò ní yìí, ìwé onílà kan ló máa gbà: orúkọ ìwé, irú rẹ̀, ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ọdún tó parí, àti kọ́bọ́ọ̀dù tó wà. Kí wọ́n lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kí èkejì wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí wọ́n sì fi í lé ẹni tó bá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.