Etí ni mo fi ń yan áàpù ìkọ̀wé

Ojú mi kò ríran. Áàpù kan tó ń jẹ́ NVDA ló ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sí mi létí, torí náà bí wọ́n bá yin áàpù ìkọ̀wé kan fún mi, mi ò ní bèèrè bó ṣe rẹwà tó. Màá ṣí i, màá tẹ ìlà mẹ́ta, màá wá fi bọ́tìnnì ọfà lọ sókè sódò lórí wọn. Bí mo bá ṣe ń dé ìlà kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí n máa gbọ́ ọ. Ọ̀kan wà tí gbogbo ayé ń pọ́n lé: mo tẹ̀ ẹ́ títí, kẹ́kẹ́ pa. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi wá ohùn nínú rẹ̀ kí n tó yọ ọ́ kúrò.

Fún ọ̀rọ̀ ṣókí, Notepad tó bá Windows wá ti tó. Fáìlì gígùn, Notepad++ ni: mo tẹ Ctrl+G, mo kọ nọ́ńbà ìlà, mo ti débẹ̀.

Àmọ́ tó bá di kóòdù, VS Code lèmi ń lò. Ìlà pupa ni olójú ń rí lábẹ́ àṣìṣe. Èmi, ìró kékeré kan ló ń ta mí létí bí mo bá bọ́ sórí ìlà náà. F8 á gbé mi lọ síbi àṣìṣe tó kàn. Bí àlàyé kan bá yọjú tó gùn jù, Alt+F2 á tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún mi kí n kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Èyí gan-an ló so mí mọ́ ọn.

Ẹ tan ìró àlàfo iwájú ìlà nínú NVDA fúnra rẹ̀ náà, pàápàá ẹ̀yin tó ń kọ Python, èdè kóòdù tí àlàfo iwájú ìlà ṣe pàtàkì sí. Bí àlàfo bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìró ń ròkè. Lọ́jọ́ kan, kóòdù mi kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn ìlà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àfi bí ìró ṣe já wálẹ̀ díẹ̀ lórí ìlà kẹsàn-án. Mo ka àlàfo rẹ̀: mẹ́ta, níbi tó yẹ kó jẹ́ mẹ́rin. Inú mi dùn dé ọkàn.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé VS Code, ẹ mọ̀ pé bọ́tìnnì Tab á máa fi àlàfo sínú iṣẹ́ yín ni, kò ní gbé yín kúrò níbẹ̀. Ctrl+M ni ẹ ó tẹ̀ kó tó tú yín sílẹ̀. Alt+F1 á sì ka àwọn bọ́tìnnì tó kù fún yín.