Èèpo awọ tí wọ́n fọwọ́ rán ní Ìkòròdú: ẹ yẹ etí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní Sábó, Ìkòròdú, tí wọ́n ti ń fọwọ́ rán èèpo awọ fún Bíbélì, Kùránì àti ìwé àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀bùn tó máa tọ́jọ́ fún olùkọ́ tó ń fẹ̀yìn tì tàbí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, iṣẹ́ wọn yẹ bẹ́ẹ̀. Rírán wọn kò lálèébù. Etí awọ ni wọ́n ti ń kánjú.

Ẹ bèèrè irú awọ tí wọ́n fẹ́ lò. Awọ màlúù tí wọ́n fi oje igi ṣe, bí wọ́n ṣe ń fi èso igi bàgàrúwà ṣe é ní Kánò, ló dára jù, kó nípọn tó mìlímítà 1.5 sí 2. Ẹ kán omi sí igun rẹ̀: yóò mu ún, ojú ibẹ̀ yóò sì dúdú díẹ̀. Awọ tí wọ́n fi kẹ́míkà chrome ṣe máa ń rọ̀, àmọ́ bí ẹ fi aṣọ ra etí rẹ̀ títí di alẹ́, kò ní dán. Ọ̀dà ni wọ́n ń kùn sí i. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ aṣọ, kì í ṣe awọ rárá.

Ẹ gbé ìwé náà dání lọ, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní pípadé. Bí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀ pẹrẹsẹ wọ̀n, awọ yóò kúrú, ìwé náà yóò sì máa yanu. Ẹ wo ìwé A5 tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 21, tó fẹ̀ ní 14.8, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn ní 2. Ojú méjèèjì pẹ̀lú ẹ̀yìn jẹ́ 31.6, ẹ fi 1 kún un, ó di 32.6. Kí awọ ga ní 22.2: mìlímítà 4 fún ojú rírán lókè, 4 nísàlẹ̀, 4 tó kù kí ìwé má ha. Sẹ̀ǹtímítà 7 tó fún àpò inú kọ̀ọ̀kan. Bí àpò bá jìn jù, tipátipá ni páálí ìwé yóò fi wọlé, ẹ̀yìn ìwé á sì ya.

Abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n ń fi rán an lórí òwú kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń bọ̀ láti iwájú, èkejì láti ẹ̀yìn, nínú ihò kan náà, ihò sí ihò sì jẹ́ mìlímítà 4. Òwú náà gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́rin ibi tí wọ́n fẹ́ rán. Bí ó bá já lójú kan, ìyókù á dúró. Ti ẹ̀rọ lè máa tú lọ. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á padà sẹ́yìn ní ihò mẹ́ta, wọ́n á gé e, wọ́n á fi iná jó orí òwú.

Lẹ́tà irin tí wọ́n fi ń tẹ orúkọ kò ní àmì tó ń wà lábẹ́ lẹ́tà. Ìṣó ṣóńṣó ni wọ́n fi ń tẹ ẹ́ sí i: a rí “Ṣọlá” tí àmì abẹ́ lẹ́tà méjèèjì wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà gẹ́lẹ́. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún wọn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Kí wọ́n tó rán an ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, lórí awọ tó tutù díẹ̀. Tó bá tutù jù, lẹ́tà á fẹ̀.

Níbi etí, èyí tí a yẹ̀ wò ṣì ní fọ́nrán tó ń yọ bí irun ní igun òkè, awọ ìta àti ti àpò sì là bí ètè. Wọn kò gé wọn dọ́gba kí wọ́n tó fi omi ra á. Ẹ ní kí wọ́n tún un gé, kí wọ́n fi sáńpépà nọ́ńbà 400 fá a, kí wọ́n fi omi díẹ̀ pa á, kí wọ́n wá fi igi tó jọ̀lọ̀ ra á títí yóò fi gbóná tí yóò sì dán. Ìda oyin ló kẹ́yìn. Ẹ má gbà á láìjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá fi òróró pa awọ, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ìwé tó wọ inú rẹ̀, torí bébà á mu òróró. Ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá, pàápàá lásìkò òjò: awọ á bu, funfun á yọ lójú rẹ̀. Àdìrẹ kékeré kan tó láti fi wé e.