Ohùn Àwọn Tó Tọ́ Bọ́ǹbù Sọ́nà: Àyẹ̀wò Veterans History Project

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń darí bọ́ǹbù láti òfurufú nígbà tí ìjà bá gbóná kò gbọdọ̀ fojú fo Veterans History Project, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 lábẹ́ Library of Congress, ìyẹn ilé ìkówèésí Ilé Aṣòfin náà, ní Washington. Ìrántí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, láti ẹnu àwọn fúnra wọn, ni wọ́n ń kó pa mọ́ níbẹ̀, àkójọ náà sì ti ju 100,000 lọ.

Àwọn awakọ̀ tó ṣe iṣẹ́ forward air controller ní Vietnam ni mo tẹ́tí sí jù lọ. Bàálù kékeré ni wọ́n fi ń rà bàbà lókè ibi ìjà, tí wọ́n ń wá ọ̀tá, tí wọ́n sì ń júwe rẹ̀ fún àwọn bàálù ajubọ́ǹbù. Bàálù O-1 Bird Dog tí ọ̀pọ̀ wọn ń wà kì í sáré púpọ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì eléèéfín funfun mélòó kan ló sì ń gbé láti fi sàmì síbi tí bọ́ǹbù yóò bọ́ sí. Ní ọdún 1968, tí àwọn ọmọ ogun Àríwá Vietnam dó ti nǹkan bí 6,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ibùdó Khe Sanh, nítòsí ààlà Laos, fún ọjọ́ 77, bọ́ǹbù tó tó nǹkan bí 100,000 tọ́ọ̀nù ni bàálù Amẹ́ríkà rọ̀ sí àyíká ibùdó náà, bẹ́ẹ̀ ni kùrukùru òwúrọ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tó wà lókè rí ilẹ̀ dáadáa. Etí àti ẹnu ni iṣẹ́ náà gbára lé. Awakọ̀ a máa bá àwọn tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò kan, a bá àwọn ajubọ́ǹbù sọ̀rọ̀ lórí òmíràn, síbẹ̀ bàálù kò gbọdọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn tó wà nílẹ̀ a tan èéfín aláwọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í dárúkọ àwọ̀ náà, torí pé ọ̀tá lè máa gbọ́ wọn kó sì tan irú rẹ̀. Awakọ̀ ni yóò sọ èyí tó rí, àwọn yóò sì jẹ́rìí sí i. Awakọ̀ a sì máa ní kí àwọn ajubọ́ǹbù gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ ogun tiwọn kọjá, kí wọ́n má gba orí wọn, kí bọ́ǹbù tó bá tètè já tàbí tó pẹ́ já má baà bọ́ sí àárín wọn.

Ó dára púpọ̀ pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí wọn kì í sì í gé e. Àgbàlagbà tó bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tó nira, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, ilé ìkówèésí náà kì í yẹ òótọ́ ìtàn wọ̀nyí wò, nítorí náà ẹ máa fi wọ́n wé ìwé ìtàn ogun. Gbogbo àkójọ kọ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ń fẹ́ kí èèyàn dé Washington. Èyí tó dùn mí jù ni pé ohùn àwọn ará Vietnam tí bọ́ǹbù náà bọ́ lù kò sí lára rẹ̀, torí ìrántí àwọn ológun Amẹ́ríkà ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ẹbí Yorùbá tí ẹnì kan nínú wọn ti wọṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà lè gba ohùn onítọ̀hún sílẹ̀ nílé, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tó wà lórí ìkànnì wọn.