M35A2 lẹ́yìn ọdún mẹ́rin: ọkọ̀ ológun tí a kò lè lò láìkàwé

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè bóyá kí òun ra ọkọ̀ akẹ́rù M35A2, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi òun náà ni bóyá ó ní sùúrù láti jókòó ti ìwé. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń lo èyí tí mo rà fún iṣẹ́ oko kékeré tí èmi àti ìyàwó mi ní lẹ́yìn ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, mo sì ti fọwọ́ ara mi tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Ọkọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n dídára rẹ̀ ní ibi tó mọ.

Tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ ni ẹrù tí wọ́n ṣe é láti gbé nínú igbó, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pè é ní Deuce and a Half. Ilé iṣẹ́ AM General ló ṣe tèmi ní ọdún 1972. Ẹni tó rà á ní gbàǹjo ìjọba ló tà á fún mi ní 6,500 dọ́là, ohun tó sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà tuntun tó fi kùn ún, bí kò ṣe pé ó ti fi SF 97, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba àpapọ̀ máa ń fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ wọn, gba ìwé ọkọ̀ lórúkọ ara rẹ̀ kó tó pè mí. Ẹni tí kò bá rí èyíkéyìí gbà nínú ìwé méjèèjì, kó gbà pé irin àlòkù lòun rà.

Ẹ́ńjìnì rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LDT 465, ní sílíńdà mẹ́fà àti tọ́bò, agbára rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ẹṣin 130. Wọ́n ṣe é kí ó lè mu dísù, kẹrosíìnì àti epo ọkọ̀ òfuurufú, kódà kí ó mu bẹntiróòlù bí ọ̀ràn bá le. Nítorí èyí, àwọn kan ń da òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan àti ọ́ìlì tó ti dúdú sínú táńkì rẹ̀. Èmi kì í dán an wò. Pọ́ǹpù tí ń fín epo sínú sílíńdà ni owó ẹ́ńjìnì yìí wà, ìdọ̀tí sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá rí pamọ́ lórí owó dísù, pọ́ǹpù ni yóò fi rà. Fílítà epo mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà, pọ́ǹpù oníná kékeré kan sì wà nínú táńkì tí ń ti epo bọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kọ̀ láti jí, mo máa ń ṣí ìdí fílítà àkọ́kọ́, kí n sì tan súìṣì. Bí epo bá tú jáde, mo mọ̀ pé kì í ṣe inú táńkì ni ẹ̀bi wà. Eré rẹ̀ kò kọjá nǹkan bí máìlì 55 ní wákàtí kan.

Ìwé tí mo ń wí ni TM 9-2320-361-10, tí wọ́n kọ fún awakọ̀, àti ìkejì rẹ̀ tó parí sí -20, tí wọ́n kọ fún àwọn tí ń tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ogun tí kò di sípánà mú rí ni wọ́n ní lọ́kàn, nítorí náà wọ́n sọ ohun tí a ó yẹ̀ wò kí a tó gbéra, ohun tí a ó máa fetí sí bí a ti ń wà á lọ, àti ohun tí a ó tún fọwọ́ kàn lẹ́yìn tí a bá pa á. Mo ti ra ọkọ̀ tuntun rí tí ìwé rẹ̀ kò sọ ju pé kí n gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á. Bàbá mi, tó wa Bedford bọ́lẹ̀kájà láàárín Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú-Òde, etí ló fi ń mọ àrùn ọkọ̀. Èmi kò ní irú etí bẹ́ẹ̀, ojú ìwé ni mo fi ń mọ tèmi.

Bíréèkì ni ibi tó yẹ kí oníkálukú ti fara balẹ̀. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ti omi bíréèkì lọ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní air pack, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ti kó jọ yóò sì fi ipá kún un kí ó tó dé ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí bíréèkì wà. Bí agbára afẹ́fẹ́ náà bá lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí 60 psi, bí a ti ń wọn ti táyà, ìkìlọ̀ yóò máa ké. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi náà ń gbà: bí rọ́bà ẹyọ kan bá já, gbogbo bíréèkì ẹsẹ̀ lọ nìyẹn, ó sì ku ti ọwọ́ nìkan.

Ní ọdún àkọ́kọ́, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ, pé kí wọ́n bá mi wá ibi tí omi bíréèkì ti ń jò. Wọ́n rí i pé omi náà ti lọ sílẹ̀, wọ́n sì da DOT 3, irú omi bíréèkì kan, sí i. Bẹ́ẹ̀, láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn ológun ti yí ọkọ̀ wọn sí DOT 5, tí wọ́n fi silikóònù ṣe, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí àlùkò. Méjèèjì kì í sì í pò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ́dà rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí tìmùtìmù, nígbà tí mo sì tú páìpù kan, ohun tó jáde dàbí ògì tó ti bàjẹ́. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi fọ páìpù, tí mo fi pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó wà níbẹ̀, tí mo sì tú air pack palẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù ọkọ̀ yìí kì í yọ lásán: ní ẹ̀yìn, a ní láti fa ọ̀pá áàsìlì jáde, kí a fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínṣì 3 tú nọ́ọ̀tì bẹ́árì, kí a sì gbé họ́ọ̀bù àti dúrọ́ọ̀mù kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù tí ènìyàn kan kò gbọdọ̀ dá gbé. Nínú ìyà náà ni mo ti rí i pé gíà ọ́ìlì ti ń jò sórí bíréèkì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ohun tí n kì bá tí mọ̀. Mo ti fi ọ̀dà funfun kọ DOT 5 gàdàgbà sórí irin pẹlẹbẹ tó bo ibi tí a ti ń da omi náà sí.

Táyà mẹ́wàá ló wà nílẹ̀, èmi kì í sì í tú wọn fúnra mi. Rìǹgì irin tó dì wọ́n mú lè fò nígbà tí a bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì lè pa ènìyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ nínú àgò irin. Fọkanáísà tó bá ti tún táyà lọ́rì ṣe nílé yóò mọ ohun tí mo ń wí. Ní ti nọ́ọ̀tì apá òsì, ọ̀tún ni a ń yí wọn sí kí wọ́n tó tú. Mo rí ọkùnrin kan tó fi páìpù gígùn kún sípánà, tó ń dì wọ́n le sí i títí ọ̀kan fi kán, tí lẹ́tà L, tó dúró fún òsì, sì wà níwájú rẹ̀ kedere.

Bátìrì méjì ni wọ́n so pọ̀ láti fúnni ní 24 fóòtì. Ẹni tó bá fa iná rédíò láti ara ọ̀kan ṣoṣo yóò ba méjèèjì jẹ́. Kò sí amúlétutù, sítíárì rẹ̀ sì wúwo gan-an.

Ìjì Harvey ti oṣù kẹjọ ọdún 2017 ló kó ìfẹ́ ọkọ̀ yìí sí mi lára, nígbà tí àwọn aládàáni ń fi irú rẹ̀ kó ènìyàn jáde nínú omi ní Houston. Ìwé sọ pé ó lè la omi tó jìn ní ínṣì 30 kọjá láìfi ohunkóhun kún un. Iṣẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé e ni àwòrán kì í fi hàn: bí ọ́ìlì inú dífúréńṣà bá ti funfun bí wàrà, omi ti wọ̀ ọ́, dídà ni ká dà á nù, bẹ́árì pàápàá sì ń fẹ́ gírísì tuntun.

Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún fún ẹni tó ní ilẹ̀, tó sì ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan péré bá wà fún nídìí ilé alájà, kó má wulẹ̀ dáṣà á. Àìsàn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì náà jù ni top gasket. Orí méjì ni ẹ́ńjìnì náà ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sílíńdà mẹ́ta, tí oníkálukú sì ní gasket tirẹ̀. Tèmi kò tíì jó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí gasket méjèèjì lórí àtẹ, mo rà wọ́n. Wọ́n ṣì wà nínú páálí lórí pẹpẹ.